Àjọ Òkú Fóònù

Ẹ̀yìn odi tí mo wà yìí kò jìnnà. Tí mo bá mu ẹ̀kọ gbígbóná lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ṣakẹ́tẹ́ láàárọ̀, tí ọ̀nà dára, tí inú ò sì bí àwọn tó ń ṣọ́ bodè, ebi ọ̀sán ò tíì ní í pa mí tí màá fi dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Àgbádárìgì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó lọ sí Faransé máa ń fi mí rẹ́rìn-ín tí mo bá ní èmi náà wà lẹ́yìn odi. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Ibi tí owó ti yàtọ̀, tí òfin ti yàtọ̀, tí wọ́n ti ń bi ọ́ pé ìwé ẹ dà, tí ìyá ẹ ò sì lè rí ẹ nígbà tó bá wù ú, kí la fẹ́ máa pe ibẹ̀?

Mi ò ní í sọ bí mo ṣe kọjá. Mo kọjá ni. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní Kútọ̀nù ni mo ti kọ́ṣẹ́ títún fóònù ṣe, ìgbà tí mo sì gba òmìnira, àwa tí à ń tún fóònù ṣe ládùúgbò yẹn ti pọ̀ ju fóònù tó ń bàjẹ́ lọ. Ẹnì kan wá sọ fún mi pé àwọn ará Nàìjíríà máa ń la fóònù mọ́lẹ̀ tí inú bá ń bí wọn. Mo ní ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé Yorùbá mi di ẹ̀rín. Èmi tí mo ti ń fọ́nnu pé ẹnikẹ́ni ò lè tà mí níbẹ̀, ṣebí èdè mi ni wọ́n ń sọ! Mo dé Mòwó, níbi tí ọ̀nà ti pàdé, mo wọ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta bátìrì fóònù tó sì tún ń tún fóònù ṣe. Yorùbá Ṣakẹ́tẹ́ tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ni mo fi kí i, ni mo fi béèrè ọjà. Ọkùnrin náà wo ẹnu mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kútọ̀nù, kí lo sọ?"

Mo ní, "Èmi kì í ṣe ará Kútọ̀nù o. Ṣakẹ́tẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Yorùbá bíi tìẹ ni mí."

Ó ní, "Mo ti gbọ́, Kútọ̀nù."

Ràṣídì lorúkọ ọkùnrin yẹn. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ẹni tó ń tún fóònù ṣe láti Mòwó dé Àgbádárìgì ti ń pè mí ní Kútọ̀nù. Inú bí mi débi pé mi ò ra bátìrì tí mo wá rà.

Bí mo ṣe jáde, mo rí ìyá kan tó ru agbada ẹja yíyan, òun àti ọlọ́kadà kan ń bú ara wọn. Ẹ̀gùn ni ìyá náà fi ń bú u, ọlọ́kadà ò gbọ́ ọ, èébú náà sì ń ṣòfò. Èmi gbọ́ Ẹ̀gùn dáadáa, torí ní Kútọ̀nù, ẹni tí kò bá gbọ́ ọ ò lè ra ata. Inú tó ti ń bí mi tẹ́lẹ̀ rí ọ̀nà jáde. Mo bá a dá sí i, mo bú ọlọ́kadà náà ní Ẹ̀gùn, mo tún un bú ní Yorùbá kó lè yé e. Ìyá náà yíjú sí mi, ó ní, "Nọ̀vi ṣié! Ọmọ ìyá mi! Ibo lo ti wá?" Ó di mọ́ mi tòun ti agbada lórí.

Ìyá Sẹ̀námi nìyẹn, ará Ìwóró, ẹja ló ń yan. Bí èmi ọmọ Yorùbá ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn tó jẹ́ pé Ẹ̀gùn ló fún mi lága jókòó. Ìyá Sẹ̀námi kan náà ló mú mi lọ bá Tíṣà, bàbá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ kọjú sí títì. Tíṣà fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Mo gbé tábìlì sí i, mo fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé À Ń TÚN FÓÒNÙ ṢE. Ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ mú fóònù wá, tí mo tẹ̀ ẹ́ tó tàn, mo jókòó sídìí tábìlì yẹn mo ń dá rẹ́rìn-ín bíi wèrè.

Àdánìkanwà wà o, mi ò ní í purọ́. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń burú jù. Ilé ẹni méjì-mẹ́ta ni mo mọ̀, kò sì yẹ kéèyàn máa lọ jókòó sílé onílé lójoojúmọ́. Mo wá rí ọgbọ́n kan dá. Tí mo bá wọ ọkọ̀ lọ sápá Ṣẹ̀mẹ̀, tí mo sọ̀ kalẹ̀ tí mo rìn lọ sétí òkun, ibì kan wà láàárín àwọn igi àgbọn tí síìmù ìlú mi máa ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ilẹ̀ Nàìjíríà ni ẹsẹ̀ mi wà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń bẹ lórí mi, ti ilé ni. Màá gbé fóònù sókè títí ó fi máa mú, màá pe ìyá mi ní iye tí wọ́n ń pe ara wọn nílé.

"Ṣé o jẹun?" lohun tó máa kọ́kọ́ bi mí.

"Mo jẹun, màmá."

"Oúnjẹ ta ni?"

Màá yára bi í pé adìyẹ ilé ńkọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí, kí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lè yé yín. Nígbà yẹn, gbogbo ojú fóònù tí à ń lò, gbogbo bátìrì, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ki ṣáájà bọ̀ ọ́, Kútọ̀nù ló ti ń wá. Ọkọ̀ òkun máa ń já a síbẹ̀, ìjọba ibẹ̀ máa ń gba owó bodè kékeré, ti Nàìjíríà sì máa ń gba ńlá. Àárín kékeré àti ńlá yẹn ni gbogbo wa ti ń jẹun. Ní gbogbo ọjọ́rú, awakọ̀ kan máa ń já páálí kan fún mi níwájú ilé Tíṣà. Mi ò bi í léèrè bó ṣe kọjá.

Tíṣà ní tiẹ̀, ìròyìn ni oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀. Yóò gbọ́ rédíò tán, yóò wá dúró síwájú tábìlì mi, yóò gbé awò ojú rẹ̀ sókè, yóò ní, "Ìjọba ti sọ̀rọ̀." Lákọ̀ọ́kọ́, mo máa ń dá a lóhùn bíi kó ṣáà máa lọ. Ojú mi wà nínú fóònù, mò ń ṣọ́ra kí n má baà já wáyà tó tín-ín-rín ju irun lọ, kí ló kàn mí pẹ̀lú ìjọba?

Àfi ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi fóònù tuntun ránṣẹ́ sí i láti Èkó. Fóònù tó rẹwà, ó ń dán. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, Tíṣà gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ojú rẹ̀ le.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ti ba fóònù mi jẹ́. Látìgbà tí o ti bá mi fi síìmù sí i, kò ṣí máàpù, kò ṣí létà ímeèlì, gbogbo ohun tí àwọn ẹgbẹ́ mi ní lórí tiwọn, kò sí lórí tèmi."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò láti àárọ̀ dọ́sàn-án. Kò sí ohun tó ṣe é. Ìgbà tí mo wá kà nípa rẹ̀ ni mo tó mọ̀. Mo lọ bá a nínú yàrá.

"Ẹ má bínú, sà. Orílẹ̀-èdè ńlá méjì ló ń jà. Ọ̀kan ni ìlú àwọn tó ṣe fóònù yín. Èkejì ni ìlú àwọn tó ni ìlẹ̀kùn tí máàpù àti létà máa ń gbà wọlé. Ìjọba èkejì ti pàṣẹ pé kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ̀kan."

Tíṣà yọ awò ojú. "Ṣé mo wà nínú ìjà wọn ni?"

"Ẹ ò sí níbẹ̀, sà."

"Kí ló wá dé tí ẹ̀ṣẹ́ wọn fi bà mí?"

Ẹ̀rín pa mí, omi bọ́ lójú mi. Òun náà rẹ́rìn-ín nígbà tó yá. Mo wá ọ̀nà mìíràn tó fi lè máa rí létà rẹ̀. Ní ti máàpù, ó ní kí n fi í sílẹ̀, ó ní òun mọ Àgbádárìgì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbórí sókè tó bá ti wí pé ìjọba ti sọ̀rọ̀. Ó ti yé mi pé ẹnì kan lè bu ọwọ́ lu ìwé ní ìlú tí ẹsẹ̀ mi ò ní í tẹ̀ láéláé, kí tábìlì mi sì mì ní Àgbádárìgì.

Kò pẹ́ tó mì lóòótọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Tíṣà jáde, kò tiẹ̀ gbé awò ojú sókè.

"Wọ́n ti ti bodè."

"Títí di ìgbà wo, sà?"

"Wọn ò sọ."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí ìrẹsì fàyàwọ́."

Mo dìde dúró. "Ìrẹsì! Kí ló kan fóònù pẹ̀lú ìrẹsì?"

Ó ní, "Ohun tó kàn mí pẹ̀lú ìjà àwọn méjì yẹn náà ni."

Ojú fóònù mẹ́sàn-án ló kù nínú páálí mi. Ọjọ́rú dé, awakọ̀ ò dé. Ọjọ́rú mìíràn dé. Ìgbà yẹn ni ẹ̀yìn odi tó wá di ẹ̀yìn odi fún mi. Èèyàn lè yọ́ kọjá lójú omi o, àwọn kan ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ ò mọ̀ bóyá òun á lè padà. Mo dúró lábẹ́ igi àgbọn mi, ìyá mi ní, "Máa bọ̀ nílé. Ẹ̀gbọ́n ẹ ti bá ẹ rí àyè ní Kútọ̀nù. Kí lo tún ń dúró ṣe níbẹ̀? Ṣé wọ́n mọ̀ ẹ́ ni?"

Mo ní kó fún mi láàyè díẹ̀. Mi ò lè ṣàlàyé fún un. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni ibi àkọ́kọ́ láyé tó jẹ́ pé èmi ni mo ń ṣí i láàárọ̀ tí mo sì ń tì í nírọ̀lẹ́. Mi ò fẹ́ fi í sílẹ̀ nítorí ìrẹsì.

Ọ̀gá Màútìn ló pe ìpàdé. Òun ló dàgbà jù nínú wa, ó ti ń tún rédíò ṣe kí fóònù tó dé. A pàdé lábẹ́ igi fúrúùtù kan ní Mòwó, àwa mọ́kànlá, èmi nìkan lobìnrin. Ó ní, "Ojú fóònù tuntun ò wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n òkú fóònù wà nínú ilé gbogbo èèyàn. Tí ẹnì kan bá ní márùn-ún, kò lè rí èyí tó bá ti oníbàárà ẹ̀ mu. Tó bá ní àádọ́ta, á rí i. Ẹ jẹ́ ká dá àjọ."

Àwọn kan rò pé àwàdà ló ń ṣe. Kò ṣàwàdà. Ní gbogbo ọjọ́bọ̀, kálukú wa máa mú òkú fóònù márùn-ún wá, ẹni tó bá kàn á kó gbogbo rẹ̀ lọ, á tú wọn, á mú ohun tó bá yè lára wọn. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, a ti yí i po. Ẹni tó bá pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, tàbí tí tiẹ̀ ò pé márùn-ún, ti jáde nìyẹn.

Ràṣídì na ọwọ́ sókè. "Kútọ̀nù ńkọ́? Tó bá kó tiẹ̀ tán tó bá ojú omi lọ, ta la fẹ́ mú?"

Ó dùn mí dọ́kàn, torí pé bí mo bá wà nípò wọn, èmi náà lè béèrè rẹ̀. Ọ̀gá Màútìn wo ilẹ̀ títí, ó ní, "Á wà nínú ẹ. Òun ló máa kó gbẹ̀yìn."

Gbẹ̀yìn! Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni màá fi kó òkú fóònù fún àwọn ẹlòmíràn kí èmi tó rí ẹyọ kan, ojú fóònù mẹ́sàn-án ni mo sì ní. Bí mo bá pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ báyìí, ó parí, ilé ìyá mi ló kù. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Kí ni mo fẹ́ sọ?

Àwọn yòókù ní ẹbí àti ará, wọ́n ní ìyàwó tó lè lọ bá wọn tú àpótí ìyá ọkọ. Níbo ni èmi fẹ́ ti rí márùn-ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Mo lọ bá Ìyá Sẹ̀námi ní Ìwóró. Ó mú mi láti ìdí àrò dé ìdí àrò láàárín àwọn obìnrin tó ń yan ẹja. Fóònù àwọn obìnrin yẹn, ẹ wò ó, òróró ẹja àti èéfín ti dí gbogbo ihò rẹ̀ pa, ẹni tó bá pè wọ́n á rò pé inú ìkòkò ni wọ́n wà. Mo ní màá bá wọn fọ èyí tó yè lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n fún mi ní èyí tó ti kú. Gbogbo wọn ló ní èyí tó ti kú. Ọ̀sà ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn: ó bọ́ lápò ẹni tó tẹ̀ láti gbé àwọ̀n, ó yọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi.

Àwọn ará Mòwó kì í fọwọ́ kan fóònù tó bá ti mu omi ọ̀sà, torí pé iyọ̀ máa ń jẹ bọ́ọ̀dù, ọpọlọ inú rẹ̀ tó ń pa gbogbo nǹkan mọ́. Ọ̀gá mi ní Kútọ̀nù ti kọ́ mi pé bọ́ọ̀dù ló ń kú, ojú lè wà láàyè tí a bá tètè tú u. Nítorí náà, márùn-ún tèmi kì í ṣe márùn-ún lásán. Ọ̀gá Màútìn kíyè sí i. Ohun mìíràn tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni pé gbogbo fóònù tí mo bá ti tú, kí n fi ọ̀dà èékánná pupa tọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sára bọ́ọ̀dù, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo pààrọ̀ inú fóònù òun. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo wọn, òkú àti alààyè.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, Ìyá Sẹ̀námi fúnra rẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Fóònù rẹ̀ ló fi gèlè wé bí ọmọ tuntun. Ó ti bọ́ sómi.

"Bá mi tọ́jú ẹ̀," ó ní. "Ohùn bàbá Sẹ̀námi wà nínú ẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ wà ní Gàbọ́ọ̀nù, ó ń pẹja níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, tó bá ti orí omi dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, á sọ̀rọ̀ sínú fóònù fi ránṣẹ́ sí i. Ìyá Sẹ̀námi ò pa ìkankan rẹ́ rí. Mo tú fóònù náà lójú ẹ̀, mo tọ́ ọ̀dà pupa sí i, mo fi sípírítì fọ bọ́ọ̀dù, mo sá a sóòrùn. Ní ìrọ̀lẹ́, mo dé e padà, mo gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò àjọ, kó lè gbẹ dáadáa kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọjọ́bọ̀, mo pẹ́ jí, mo ń sáré, mo rò pé márùn-ún ló wà nínú àpò. Mo kà á, mo rí mẹ́rin, mo rí ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo jù ú sínú àpò, mo gun ọ̀kadà. Ràṣídì ló kàn lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì ni Ìyá Sẹ̀námi dé. "Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?"

Mo wá a lórí tábìlì. Mo wá a lábẹ́ tábìlì. Ọlọ́run ló rí mi, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni irọ́. Mo lè sọ pé ọ̀sà ti pa á. Mo lè fún un ní òmíràn tó dára jù ú lọ. Á gbà mí gbọ́, á tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bó ṣe máa gbà mí gbọ́ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́.

"Màmá, mo ti kó o mọ́ òkú fóònù. Ràṣídì ti gbé e lọ."

Kò bú mi. Ì bá sàn kó fi Ẹ̀gùn tó fi bú ọlọ́kadà yẹn bú mi! Ó tún ìró rẹ̀ lọ́, ó ní, "Mú mi lọ síbẹ̀."

Ní gbogbo ọ̀nà, mo ń ro ohun tí Ràṣídì máa sọ. Ẹni tó ní mo máa sá lọ, tó bá ti mọ̀ pé ẹrù oníbàárà mi ni mo fi dá àjọ, á kàn tú u síta níwájú gbogbo èèyàn ni. Ibi tí ṣọ́ọ̀bù mi parí sí nìyẹn.

A dé Mòwó, mo sọ fún Ràṣídì. Ó wò mí, ó wo Ìyá Sẹ̀námi.

"Kútọ̀nù, ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ gbé e wá."

"Èmi ni. Mo ṣàṣìṣe. Bá mi wá a, mo bẹ̀ ẹ́."

"Ojú ẹ̀ ti wà lára fóònù ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan. Ọkùnrin yẹn ti gbé e lọ." Ó nawọ́ sí bàsíà ńlá kan tó kún fún bọ́ọ̀dù. "Inú ẹ̀ á wà níbẹ̀ yẹn. Lọ́la ni ẹni tó ń ra bọ́ọ̀dù ń bọ̀ wá kó o. Kí ló tiẹ̀ wà nínú ẹ̀ gan-an?"

Kí n tó lanu, Ìyá Sẹ̀námi ti fèsì. Yorùbá rẹ̀ ò dán mọ́rán, Ẹ̀gùn ló gbó sí i lẹ́nu. "Ohùn ọkọ mi. Ó wà lókè òkun."

Ràṣídì dìde, ó fa ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé, ó tẹ́ ẹní, ó sì da gbogbo bàsíà náà sílẹ̀. "Kí ni àmì ẹ̀?"

"Ọ̀dà èékánná pupa."

"Obìnrin!" ó ní, ó mi orí, ó kúnlẹ̀.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ kúnlẹ̀ yí ẹní yẹn ká. Bọ́ọ̀dù ọdún pípẹ́ wà níbẹ̀. A ń yí wọn síwá sẹ́yìn, ìka wa dúdú. A rí pupa kan, ipata ti jẹ ẹ́. A rí òmíràn, ó ti dá sí méjì. Ẹ̀kẹrin ni Ràṣídì mú, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ó mọ́ tónítóní, ó ṣì ń rùn sípírítì. Ó tú fóònù tirẹ̀, èyí tó ń lò fúnra rẹ̀, tó jẹ́ irú kan náà, ó yọ bọ́ọ̀dù tirẹ̀, ó dé ti Ìyá Sẹ̀námi sí i. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tàn.

Ìyá Sẹ̀námi fi ìka fa ilà tó máa ń fi ṣí i. Ohùn ọkùnrin kan jáde, ohùn tó ti há, Ẹ̀gùn ló ń sọ. Ó ní òun ti jẹun. Ó ní ẹja ibẹ̀ ò dùn, wọn ò mọ̀ ọ́n yan. Ó ní kó kí Sẹ̀námi. Ìyá Sẹ̀námi jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ràṣídì kọjú sógiri, ó ní òun ń wá sukudiráfà. Sukudiráfà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdùnnú yẹn ò ní kí n má sọ òótọ́ nípàdé. Ní ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dìde lábẹ́ igi fúrúùtù, mo jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá Màútìn pé ọ̀kan nínú márùn-ún tí mo mú wá kì í ṣe òkú, kì í sì í ṣe tèmi. Ràṣídì ní, "Mẹ́rin ló mú wá lọ́sẹ̀ yẹn. Kò pé." Ó kọ́kọ́ so ẹnu àpò rẹ̀, ìkà ọkùnrin, ó wá ní, "Mo ti fi ọ̀kan tèmi dí i fún un. Ó ti pé. Ẹ jẹ́ ká máa bá iṣẹ́ lọ."

Mo fi ojú fóònù mẹ́sàn-án àti fífọ òróró ẹja rọ́ ọ títí di ọ̀sẹ̀ kọkànlá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tí àjọ kàn mí, Tíṣà sáré jáde láìwọ bàtà, rédíò wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Wọ́n ti ṣí i! Wọ́n ti ṣí bodè!"

Mo pariwo, mo jó. Ìgbà tí mo jókòó ni mo rántí àjọ mi. Ojú fóònù tuntun ń bọ̀. Ta ló tún fẹ́ ru òkú fóònù lọ sí Mòwó? Mo ní kò burú, orí ló yọ mí. Síbẹ̀, nígbà tí ọjọ́bọ̀ dé, mo gbé márùn-ún tèmi, mo lọ.

Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Kálukú gbé àpò dání. Wọ́n ń dà á sílẹ̀ níwájú mi, wọ́n ń kà á sókè, wọ́n sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Kútọ̀nù ló ń kó òkú nígbà tí alààyè ti dé. Márùndínlọ́gọ́ta ló pé. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí, mi ò sì mọ ìgbà tí omi jáde lójú mi.

Ọ̀gá Màútìn bi wá pé ṣé a máa dáwọ́ ẹ̀ dúró. Ẹnì kan ní ìjọba tó ṣí i lónìí lè tún tì í lóṣù tó ń bọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ fóònù Tíṣà fún wọn, mo ní àwọn ńlá méjì yẹn ò tíì parí ìjà, a ò mọ ohun tó máa wọ́n lọ́la. A gbà pé kí àjọ máa lọ. Ó wá ku ẹni tó máa kọ́kọ́ kó. Ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa ń le. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó, ó ti gbà kó tó san, ó sì lè sá.

Ràṣídì ní, "Ẹ kọ orúkọ Kútọ̀nù sókè."

Mo rò pé eré ló ń ṣe. Ọ̀gá Màútìn ti ń kọ ọ́.

Mo ní, "Ràṣídì, tí mo bá wá bá ojú omi lọ ńkọ́?"

Ó ní, "Máa lọ. Ìyá Sẹ̀námi ló máa wá ẹ kàn, kì í ṣe èmi."

Ní ọjọ́ Àìkú, mo lọ sábẹ́ igi àgbọn mi. Mo gbé fóònù sókè, afẹ́fẹ́ ilé mú un. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ti mẹ́rin tí mo mú wá, ti bàsíà, ti Ràṣídì. Kò ní sùúrù.

"Wọ́n ṣáà ti ṣí bodè. Ìgbà wo lò ń kó ẹrù ẹ bọ̀?"

"Mò ń bọ̀ wá kí yín, màmá. Mi ò lè kó ẹrù bọ̀."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ti dá àjọ tuntun. Èmi ni wọ́n fi ṣe ẹni àkọ́kọ́."

Ìyá mi ti ń dá àjọ látìgbà tó ti wà lọ́mọge, ó mọ ohun tí mo sọ. Mo ń gbọ́ ìgbì òkun létí kan, mo ń gbọ́ adìyẹ ilé wa létí kejì.

"Ẹni mélòó ni yín?"

"Mọ́kànlá."

"Ìwọ àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún?"

"Èmi ni, màmá."

Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Máa kà á dáadáa. Má jẹ́ kó tún jẹ́ mẹ́rin mọ́ o."